Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀: agbẹ́gilére tó fi àwọ̀ parí iṣẹ́ igi

Bí ọdún ìbílẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ní ìlú Yorùbá, lára ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni àwọ̀ titun lára igi: ère tí wọ́n ti fi ẹfun kùn, ìlù tí wọ́n ti tún ṣe, ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn èrò a wò ó, wọ́n a yìn ín, wọ́n a sì bá tiwọn lọ. Ìwọ̀nba ni ẹni tó máa ń béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ igi náà, àti ohun tó fi kùn ún. Ìdí nìyí tí orúkọ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà wa fi bá wọn wọ ilẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tí orúkọ wọn kò parẹ́. Ó kú ní ọdún 1938. Lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀n, ní Chicago, ní New York àti ní Washington. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà dunjú kà á mọ́ àwọn agbẹ́gilére tó ta yọ jù lọ tí ilẹ̀ Yorùbá bí. Ìtàn rẹ̀ tọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí àṣà wa wà pẹ́, pàápàá jù lọ ní àsìkò ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé orí iṣẹ́ àwọn baba wa.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní ilẹ̀ Èkìtì, tó wà ní Nàìjíríà lónìí. Ìlú orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlú agbègbè Idààṣà ti jẹ́ ìlú òkè. Ìlú oníṣọ̀nà sì ni pẹ̀lú. Àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n lórúkọ káàkiri, tó fi jẹ́ pé bí ọba kan bá fẹ́ òpó tàbí ilẹ̀kùn tó yẹ ààfin, kò ṣàjèjì kó ránṣẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò lè ṣe kó má gbọ́ ìró àáké lára igi.

Ìgbà tí wọ́n bí i kì í ṣe ìgbà àlàáfíà. Ọmọ ọdún bíi mẹ́rin ni nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní ibùdó wọn. Ní ìhà tiwa níhìn-ín pẹ̀lú, ogun kò sinmi ní àkókò kan náà: ní 1886 yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu, ó sì di 1894 kí àwọn ará Kétu tó padà sílé láti tún un tẹ̀ dó. Ìran tí ó rí iná lára òrùlé ààfin ni ìran Ọlọ́wẹ̀. Nígbà tí ogun sì parí, ààfin nílò òpó, ó nílò ilẹ̀kùn, ó nílò ẹni tí yóò fi ọnà dá iyì àwọn ọba padà.

Ní ààfin Arínjalẹ̀

Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́ nígbà tó ṣí kúrò ní Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìsẹ̀, ìlú Èkìtì mìíràn. Ibẹ̀ ló fi ṣe ilé títí di ọjọ́ ikú, orúkọ ìlú náà ló sì mọ́ ọn lára títí di òní. Ó di ẹmẹsẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀.

Iṣẹ́ ẹmẹsẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ẹmẹsẹ̀ ń rí ọba ní ìjókòó, ó ń rí bí àwọn olorì ṣe ń dúró, bí àwọn ìjòyè ṣe ń wọlé, bí àlejò ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ lẹ́yìn náà yóò rí i pé ẹni tó gbé inú ààfin ló gbẹ́ ẹ. Kò sí ohun tó gbẹ́ nípa ọba tó dà bí ìtàn àgbọ́sọ.

Nígbà tí Arínjalẹ̀ rí ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní iṣẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn nínú ààfin. Òkìkí iṣẹ́ náà kàn dé àwọn ìlú tó yí Ìsẹ̀ ká. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Bí ọba bá ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére ní ayé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ọba ni yóò lọ máa gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọba ni yóò máa bọ́ wọn, ọba ni yóò sì fún wọn ní ibùsùn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún.

Òpó Ìkẹ́rẹ́

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tó ṣe fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó tí wọ́n fi gbé òrùlé àgbàlá ààfin náà dúró. Mẹ́ta nínú wọn ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù: ọ̀kan gbé jagunjagun orí ẹṣin, ọ̀kan gbé olorì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan sì gbé ọba fúnra rẹ̀.

Òpó tó gbé ọba ga tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà sórí adé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró sí. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé olorì yìí ga ju ọba lọ fíìfíì, ó sì dúró gbọnin-gbọnin bí igi tó gbé ilé. Òun gan-an ló fi orí gbé òrùlé. Ní iwájú ọba ni àwọn ènìyàn kéékèèké wà, tí wọn kò ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ: ọ̀kan ń fọn fèrè, ọ̀kan kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò lóye òpó yìí kíákíá. Ẹyẹ orí adé àti obìnrin tó ga ju ọba lọ ń rán ni létí pé agbára ọba kò dúró lórí ọkùnrin nìkan. Àwọn ìyá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn ará Kétu ń jó fún bí wọ́n bá gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lérí láti fi júbà àwọn ìyá wa. Ọ̀nà jìn láti Ìkẹ́rẹ́ dé Kétu, ààlà ìjọba sì wà láàárín, síbẹ̀ èrò kan náà ló ń darí ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére ní ìhà méjèèjì.

Bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe ń gbẹ́ igi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun kì í jẹ́ kí ère rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi. Ó máa ń jẹ́ kó yọ síta, kí ọrùn gùn, kí ara tẹ̀, kí apá kúrò lára ìhà tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Ó gbẹ́ àwo onídèérí kan tó wà ní Washington báyìí, tí obìnrin kan kúnlẹ̀ gbé. Lábẹ́ àwo náà, láàárín àwọn ère kéékèèké tó yí i ká, orí ènìyàn kan wà tí ó dá dúró, tó sì ń yí gbirigbiri láìjáde. Kì í ṣe pé ó gbẹ́ orí yẹn lọ́tọ̀ kó tó ti í wọlé. Inú igi kan náà ló ti fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Oríkì tí ìdílé rẹ̀ ń kì í kò gbàgbé bí igi líle ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ lára igi

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ nìkan kọ́ ló parí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ó máa ń kun igi rẹ̀. Ẹni tó rí àwọn òpó àti ilẹ̀kùn wọ̀nyí nínú ìwé lónìí lè rò pé igi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lásán ni wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàfin. Àwọ̀ ló fi ya aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára awọ, tó fi ya ìlẹ̀kẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, tó fi ya ère kúrò lára pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pátákó ẹ̀yìn ère pàápàá kì í ṣófo: ó máa ń fín ọnà sí i lára. Ààfin kì í mọ́lẹ̀ bí ìta gbangba. Abẹ́ òrùlé ni òpó wà, òjìji sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó dúró lókèèrè nílò àwọ̀ kí ojú rẹ̀ tó lè mọ ibi tí ọba parí sí àti ibi tí ìtẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èròjà àwọ̀ tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń lò láti ayébáyé kò pọ̀, ilẹ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá. Funfun wá láti ara ẹfun, amọ̀ funfun tí wọ́n wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì mọ ní ìṣù kí wọ́n tó sá a gbẹ. Pupa wá láti ara igi osùn, tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí kan náà tí àwọn ìyá fi ń pa ìyàwó titun àti ọmọ tuntun lára. Dúdú wá láti ara èédú, tàbí láti ara ewé ẹ̀lú tí àwọn aláró fi ń ṣe aró. Nínú èdè wa, àwọ̀ mẹ́ta yìí, funfun, pupa àti dúdú, ni ìyá gbogbo àwọ̀. Aró tó jọ ojú ọ̀run ń wọ agbo dúdú, iyeyè ń wọ agbo pupa.

Kí wọ́n tó kun igi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ewé eépín, ewé tó máa ń ha ọwọ́ yẹn, họ ọ́ kó dán. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀.

Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èròjà tuntun ti ń wọlé láti òkè òkun. Èyí tó tètè tàn kálẹ̀ jù ni búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n ṣíṣe irú búlúù bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, nípasẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Guimet. Ṣáájú ìgbà náà, òkúta olówó iyebíye ni wọ́n máa ń lọ̀ kí wọ́n tó rí àwọ̀ yẹn. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ilé iṣẹ́ Reckitt sì kó o káàkiri ayé fún ìfọṣọ. Kò pẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére fi mọ̀ pé ohun tó ń mú aṣọ funfun tàn lè mú irun ère ìbejì dúdú jọ̀lọ̀. Àwọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó fún wọn láyè. Ohun tí ọjà gbé wá ni wọ́n fi ṣe ti wọn. Ẹni tó bá sọ pé àṣà wa kì í gba ohun tuntun, kó wo orí àwọn ère ìbejì àtijọ́.

Ilẹ̀kùn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀n

Ògògà ni ilẹ̀kùn kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún un, alápá méjì. Ìtàn gidi ló wà lára rẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, wá kí Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan ilẹ̀kùn, òyìnbó yìí wà nínú àga tí àwọn ọkùnrin gbé lọ́wọ́, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀lé e. Ní apá kejì, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ààfin yí i ká. Ọlọ́wẹ̀ kò fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà, kò sì fi í ṣe òrìṣà. Ó kàn fi í hàn bí àlejò tó rìn wá, ó sì fi ọba hàn bí onílé tó jókòó.

Ní ọdún 1924, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀n, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó ohun ọnà láti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ẹni tó rí i. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ kó di ti wọn, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò fún ààfin.

Láti ọdún náà ni ilẹ̀kùn yẹn ti wà ní Lọ́ńdọ̀n. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Òpó ọba Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú kò sí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́: Art Institute ti Chicago rà á ní 1984. Ìyókù àwọ̀ ṣì hàn lára rẹ̀ síbẹ̀, fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ikú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀

Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1938. Kò kọ orúkọ sí ara igi kankan. Kì í ṣe àṣà àwọn agbẹ́gilére wa láti kọ ọ́. Ní ayé wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ìlú pé lágbájá ló gbẹ́ òpó yìí. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ìwé wọn. Ṣùgbọ́n bí ère bá ti kúrò ní ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ẹnu náà kò bá a lọ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère Yorùbá fi wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun tí ìwé tó wà nídìí wọn kò lórúkọ ẹni tó ṣe wọ́n.

Ohun méjì ló gba Ọlọ́wẹ̀ là lọ́wọ́ ìgbàgbé. Èkíní ni ọwọ́ rẹ̀: ọwọ́ náà yàtọ̀ débi pé ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀ méjì yóò dá ẹ̀kẹta mọ̀. Èkejì ni oríkì. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì ń kì í ní Ìsẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton sì gba oríkì náà sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń dárúkọ ibi tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà. Ohun tí àwọn tó rà á kò kọ, ìyàwó ilé ti fi ẹnu pa á mọ́. Ní 1998, wọ́n fi iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ṣe àfihàn ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Áfíríkà ní Washington, pẹ̀lú ìwé tí Roslyn Walker kọ lórí rẹ̀. Agbẹ́gilére Yorùbá tí irú ìyẹ́sí bẹ́ẹ̀ tọ́ sí pọ̀. Àwọn tó rí i gbà kò pọ̀.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ní Aklampa

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní Àgbómẹ̀ nígbà ogun 1892 sí 1894. Àwọn ilẹ̀kùn ààfin ọba Glèlè wà lára wọn, igi gbígbẹ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀. Ní 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn tò lọ wò wọ́n ní Kútọnu. Àwọn tó lọ rí i pé àwọ̀ ṣì wà lára igi náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní àjò. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ: bí a bá ń yọ̀ nítorí èyí tó padà, kí ni a ń ṣe sí èyí tí kò kúrò nílé rárá?

Títún àwọ̀ ère kùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àṣà ni. Ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, wọ́n máa ń tún ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn kí ọdún tó dé, kó lè jáde bí ohun tuntun. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé nígbà àtijọ́, ẹni tó ń tún un kùn mọ iṣẹ́ náà, ó mọ ibi tí funfun yẹ kó wà àti ìdí rẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè fi ọ̀bẹ họ gbogbo àwọ̀ àtijọ́ dànù láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kó sì fi ọ̀dà kan tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun ilé bò ó. Ohun tí agbẹ́gilére fi àwọ̀ sọ ti lọ nìyẹn, kò sì ní padà wá.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé òde òní ní èròjà tí Ọlọ́wẹ̀ kò ní. Lára wọn ni tàdáwà aláwọ̀ tí wọ́n fi ọtí líle yọ́, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń tà nílé oògùn láti fi nu ojú abẹ́rẹ́, kì í ṣe sódábì tí wọ́n ń mu. Ó yàtọ̀ sí ọ̀dà. Ọ̀dà máa ń jókòó sórí igi, ó máa ń bo ojú rẹ̀. Tàdáwà ọtí máa ń wọ inú igi lọ, ó máa ń tètè gbẹ nítorí pé ọtí máa ń fẹ́ lọ, ìlà ara igi sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀ kedere. Ó dára fún àpótí, fún àga, fún ohun èlò titun. Ó ní àléébù tirẹ̀: iná a tètè gbá a mú, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó níbi tí iná ìdáná tàbí sìgá wà, bí oòrùn bá sì ń pa á lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ṣá. Kò sì yẹ kó kan ère àtijọ́ rárá, nítorí pé ohun tó bá ti wọ inú igi kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́.

Ìyàlẹ́nu kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọtí yìí. Osùn tiwa, tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ lórí ọlọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi. Omi kàn ń mú un di ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fi pa nǹkan lára ni. Nínú ọtí líle ni pupa rẹ̀ ti ń jáde dáadáa. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá bu ìyẹ̀fun osùn sínú irú ọtí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ kó sùn mọ́jú, tó sì sẹ́ ẹ, yóò rí àwọ̀ pupa tó lè fi kun igi titun láìná owó púpọ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń tà nínú ìgò kéékèèké kò jìnnà sí ohun tó wà nínú igbó wa.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé Ọlọ́wẹ̀ fi sílẹ̀ kò ṣòro. Àkọ́kọ́, igi àti àwọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan ti fọ́ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ère ìdílé tàbí ti ìlú, ó yẹ kó pe àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà. Èkejì, orúkọ oníṣọ̀nà yẹ kó wà nínú ìwé. Ní gbogbo àdúgbò ni àgbà wà tó ṣì mọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan, ẹni tó ṣe ìlù kan, ẹni tó gbẹ́ ìbejì kan. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ̀wé kọ ní Yorùbá lè jókòó tì wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn aláṣẹ ìlú sì bá wọn fi ìwé náà pa mọ́ síbi tí òjò àti ikán kò ní dé. Ẹ̀kẹta, bí àlejò bá wá ra ohun ìdílé, ó yẹ kí ìdílé rántí Ògògà: kò kánjú ta ilẹ̀kùn, ó mọ iye rẹ̀, ó dá àdéhùn tirẹ̀, ó sì rí i dájú pé ẹnu ọ̀nà ààfin kò ṣófo.

Ọlọ́wẹ̀ kò ní ilé ẹ̀kọ́, kò ní ìwé ẹ̀rí. Ohun tó ní ni ọba tó gbà á láyè láti ṣiṣẹ́, ìlú tó mọyì iṣẹ́ náà, àti ìyàwó tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọnù. Ìlú tó bá ní irú mẹ́ta yìí kò ní ṣaláìní oníṣọ̀nà.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.